Èso Tó Gbẹ Lórí Igi àti Èso Tí A Sá Sóòrùn

Díẹ̀ ni ohun jíjẹ tí Yorùbá kì í sá sóòrùn. Iṣu ń di gbodo, gbodo ń di èlùbọ́. Ilá ń di òrúnlá, ata ń gbẹ kí á tó lọ̀ ọ́ kúnná, kóró inú oro sì ń di ààpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀ tó ń fà. Àpáta tó tẹ́jú lẹ́yìn abúlé, òrùlé páànù, ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà, kò síbi tí a kì í sá nǹkan sí. Síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí àgbálùmọ̀ tàbí ìyeyè lórí ẹní nínú oòrùn. Bí àsìkò àgbálùmọ̀ bá dé, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin, a ó jẹ ẹ́ títí eyín yóò fi kan. Èyí tí a kò bá rí jẹ, á jẹrà lórí àtẹ. Ìyeyè tó ń já bọ́ lábẹ́ igi nígbà òjò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ń jẹ nínú rẹ̀ ju ọmọ ènìyàn lọ.

Àmọ́ èso méjì wà tí kò dúró de ẹní wa. Awin ti gbẹ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó tó o: èèpo dúdú tó ń mú ọwọ́ yọ̀ọ́yọ̀ọ́ bí a bá fọwọ́ pa á, ẹran inú rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń fọ́ sẹ́nu, tó kan, tó sì dùn, àti kóró pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé ń tu dànù. Èkejì ni osè, igi ńlá ilẹ̀ ọ̀dàn, tó pọ̀ lọ́wọ́ òkè ilẹ̀ Yorùbá títí kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ewé rẹ̀ gbígbẹ ni a fi ń se ọbẹ̀ lúrú ní Ìlọrin. Èso rẹ̀ ń so rọ̀ lórí ọrùn gígùn, èèpo rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ ọ, ẹran funfun tó ti gbẹ di ẹfun-ẹfun ni a ó bá yí kóró rẹ̀ ká. Kò sí ẹni tó sá a.

Ìbéèrè tí orí ìwé yìí dá lé ni pé: bí omi bá kúrò lára èso, ṣé ohun tó ń dáàbò bo ara wa nínú rẹ̀ kì í bá omi náà lọ? Àwọn tó ń ta èso gbígbẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó lọ. Àwọn mìíràn ní ìdọ̀tí aládùn lásán ló kù. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó dọwọ́ ohun tí a ń wá nínú èso náà, ó sì dọwọ́ bó ṣe gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Irin tó bá rí afẹ́fẹ́ àti omi á dógùn-ún. Iṣu tí a gé, tí a kò tètè fi sómi, á dúdú lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Òróró ẹ̀pà tó pẹ́ nínú ìgò á yí òórùn padà. Iṣẹ́ ọ́síjìn ni gbogbo rẹ̀. Nínú ara tiwa náà, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára, àwọn mólékù kan máa ń jáde tí ẹlẹ́kítíróònù kan ti sọnù lára wọn. Wọn kì í gba àdánù náà. Bí ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà, tó sì já aṣọ ẹni tó kọ́kọ́ kàn án gbà, ni mólékù bẹ́ẹ̀ ṣe ń já ti ẹnìkejì rẹ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà á tún kọjú sí ẹlòmíràn. Bí ìjà náà bá dé ara ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, tàbí ara ìwé àbùdá inú rẹ̀, ìbàjẹ́ dé nìyẹn. Ní 1956, Denham Harman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ pé ìbàjẹ́ kékeré-kékeré yìí tó ń gorí ara wọn ló ń sọ wá di arúgbó.

Èròjà tó lè yọ̀ǹda ẹlẹ́kítíróònù tirẹ̀ kí ìjà dáwọ́ dúró, láì sọ òun fúnra rẹ̀ di jàǹdùkú, ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Fítámì C jẹ́ ọ̀kan, fítámì E náà jẹ́ ọ̀kan. Carotene tó mú ìyeyè àti máńgòrò pọ́n wà níbẹ̀, àti ẹbí ńlá tí wọ́n ń pè ní polyphenol, tó máa ń fún ahọ́n pọ̀ bí a bá jẹ èso tí kò tíì pọ́n tán. Igi kò ṣe wọ́n nítorí tiwa. Ó ṣe wọ́n láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, kòkòrò àti olú. Èso igbó, tí ẹnikẹ́ni kò ṣa irú rẹ̀ títí ó fi dùn bí ọsàn oko, sábà máa ń ní púpọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èso igbó fi kan tàbí tó fi ń mú ẹnu gbẹ. Ara wa pẹ̀lú kò dúró lásán. Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa irú jàǹdùkú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àní sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a tún máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn jàǹdùkú náà láti fi pa kòkòrò àrùn. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí wọ́n pòórá pátápátá la ń wá.

Fítámì C ló tètè ń sọnù jù nínú gbogbo wọn, ìtàn rẹ̀ ló sì yé mi jù. Ní 1747, James Lind, oníṣègùn nínú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Salisbury, mú atukọ̀ 12 tí àrùn scurvy ń bá jà. Àrùn yìí ló ń mú kí èrìgì wú kó máa ṣẹ̀jẹ̀, kí eyín mì, kí àárẹ̀ dá ènìyàn gúnlẹ̀. Lind pín wọn sí méjì-méjì, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yàtọ̀: àwọn kan mu omi òkun, àwọn kan mu ọtí kíkan, àwọn méjì jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Àwọn ọlọ́sàn ló yára gbádùn jù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn a máa jẹrà lójú òkun. Nínú ìwé tí Lind tẹ̀ jáde ní 1753, ó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fún omi ọsàn, kí wọ́n gbé e sórí omi gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omi rẹ̀ yóò fi fà, tí yóò ku oje tó ki, tí wọ́n ń pè ní rob. Lójú tirẹ̀, agbára ọsàn dọ́sìnì méjìlá ló ti kó sínú ìgò kan. Oje náà kan bó ṣe yẹ, ó dùn, ó sì pẹ́ ní ìpamọ́. Ohun tó ń wo àìsàn nínú rẹ̀ ló ti bá ooru lọ. Ọ̀gá atukọ̀ James Cook gbé rob rin ìrìn àjò rẹ̀ káàkiri òkun Pàsífíìkì, kò sì rí i bí ohun tó wúlò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó sọnù nínú ìgò náà, àfi ìgbà tí Albert Szent-Györgyi, ará Họ́ńgárì, yọ fítámì C lọ́tọ̀ ní 1928. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1937.

Àṣìṣe Lind kọ́ wa ní ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nípa èso gbígbẹ. Ìwà tó mú kí fítámì C wúlò nínú ara, pé ó ń tètè yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọ́síjìn, ìwà yẹn gan-an ló mú kó tètè ṣègbé lórí iná àti lórí ẹní. Afẹ́fẹ́ ń fà á, ooru ń mú un yá, ìmọ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, bàbà àti irin inú ìkòkò ń dá kún un. Ohun tó ń ṣọ́ ilé ni olè kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Báwo ni àdánù náà ṣe pọ̀ tó? Mo fẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ. Èmi yóò lo apricot, èso kékeré tó pọ́n rúsúrúsú tí ilẹ̀ Tọ́kì ń gbẹ tà fún gbogbo ayé, nítorí wọ́n ti wọn èyí tútù àti èyí gbígbẹ dáadáa. Nínú ìwé ìwọ̀n oúnjẹ ti iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 100 gíráàmù apricot tútù ní mílígíráàmù 10 fítámì C. Èyí gbígbẹ ní 1 péré. Ẹni tó bá kà á báyìí á ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún èso tútù náà. Nínú èyí gbígbẹ, bíi 31 ni. Èyí ni pé kí á tó rí 100 gíráàmù gbígbẹ, nǹkan bí 500 gíráàmù tútù ló lọ sí i. Mílígíráàmù 50 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹyọ kan la bá. Bíi 49 nínú 50 ti lọ.

Ẹ wá wo carotene inú èso kan náà. Nínú tútù, bíi máíkírógíráàmù 1,100 ló wà; nínú gbígbẹ, ó lé ní 2,100. Ó jọ pé ó di ìlọ́po méjì, irú nọ́ńbà tí ọlọ́jà ń fẹ́ kọ sára páálí nìyẹn. Àmọ́ bí ohunkóhun kò bá sọnù, 5,500 ni ìbá jẹ́. Ohun tó ju ìdajì lọ ti ṣòfò, tí nọ́ńbà sì ń gòkè. Síbẹ̀, ẹni tó bá jẹ 100 gíráàmù gbígbẹ náà rí carotene gbà ju ẹni tó jẹ 100 gíráàmù tútù lọ, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àdánù wà lára èso, èrè wà nínú àwo. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan láì sọ èkejì ń tajà ni.

Polyphenol le ju fítámì C lọ. Apá kan máa ń ṣègbé kí oòrùn tó ṣe ohunkóhun: bí ọ̀bẹ bá ti la èso, ẹ́ńsáìmù tó wà ní yàrá kan nínú sẹ́ẹ̀lì á pàdé polyphenol tó wà ní yàrá kejì, afẹ́fẹ́ á dá sí i, ojú èso á sì dúdú. Apá kejì ń farada ooru, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé gbígbẹ já ohun tó so mọ́ okùn inú èso sílẹ̀, tó fi wá rọrùn láti yọ jáde. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan á fi ní gbígbẹ dín in kù, tí òmíràn á ní ó fi kún un, tí àwọn méjèèjì á sì jẹ́ òótọ́ lórí èso tí wọ́n mú.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ìdánwò tó wọ́pọ̀ jù ní yàrá àyẹ̀wò wa ni ti DPPH. Kẹ́míkà kan ni, àwọ̀ rẹ̀ elésè àlùkò. Wọ́n á da oje èso sí i. Bí oje náà bá ṣe ní ẹlẹ́kítíróònù láti yọ̀ǹda tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ á ṣe máa ṣí títí á fi di yẹ́lò. Ó rọrùn, kò wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é parí láàárọ̀ kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò bìkítà nípa ẹni tó yọ̀ǹda. Bí ṣúgà àti àwọn ègé purotéènì inú èso bá gbóná pa pọ̀, wọ́n á pọ́n bí ara búrẹ́dì ṣe ń pọ́n nínú ààrò. Louis Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Àwọn èròjà pípọ́n yìí náà ń ṣí àwọ̀ DPPH. Nítorí náà, èso tí iná pọ̀ lé lórí, tí fítámì C rẹ̀ ti tán, lè gba máàkì ju èyí tí a fi sùúrù gbẹ lọ. Bí mo bá rí ìròyìn pé èso kan «lágbára» ju òmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni irú ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Láti inú ìgò dé inú ara sì tún jìnnà. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní beta-carotene lóògùn; 29,133 ni gbogbo wọn tó wà nínú ìwádìí náà. Èsì tó jáde ní 1994 dẹ́rù ba àwọn oníṣègùn: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo oògùn náà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún fi fítámì A kún un, ni wọ́n dá dúró ní 1996 kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí ohun kan náà ni wọ́n rí. Ní 2012, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà yọ ìwé ìwọ̀n antioxidant àwọn oúnjẹ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn ọlọ́jà ń fi polówó. Èso kò jẹ̀bi nínú èyí. Àwọn tó ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa kì í sábà ní àrùn ọkàn tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó kéré tán kí á jẹ 400 gíráàmù wọn lójúmọ́. Oògùn oníhóró tí wọ́n yọ èròjà kan ṣoṣo sí kò lè ṣe iṣẹ́ tí odindi èso ń ṣe. Èso gbígbẹ ṣì ní okùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ó ní pọtásíọ̀mù, ó ní irin, ó ní apá tó pọ̀ nínú polyphenol rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ náà ti pọ̀ lójú kan, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má fi í ṣe ìpanu.

Ẹni tó bá wá fẹ́ gbẹ èso fúnra rẹ̀, kí ó kíyè sí àsìkò ná. Àgbálùmọ̀ rí ojú ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fa omi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a gé e, kí ó má bàa pẹ́ lórí ẹní. Ìyeyè ń bọ́ sínú òjò, èyí sì ṣòro. Ní etíkun Èkó nígbà òjò, olú á ti hù sára rẹ̀ kí ó tó gbẹ, olú mìíràn sì ń ṣe májèlé aflatoxin. Ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ìyeyè ní cajá, wọn kì í bá oòrùn jà: wọ́n ń yọ ẹran rẹ̀, wọ́n ń dì í sínú yìnyín. Èso tó bá pọ́n rúsúrúsú kò fẹ́ oòrùn gangan, ìmọ́lẹ̀ ń jẹ carotene rẹ̀. Ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló dára fún un. Ìgbẹ́-nǹkan tó ń lo ooru oòrùn lábẹ́ ìbòrí, irú èyí tí NSPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko ní Ìlọrin, ti ń ṣe fún àwọn àgbẹ̀, sàn ju ẹ̀gbẹ́ títì lọ ní ìgbà gbogbo, nítorí eruku, eṣinṣin àti èéfín mọ́tò. Kí a ki èso tí a gé bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á pa ẹ́ńsáìmù tó ń mú un dúdú. Fítámì C díẹ̀ á bá omi lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù á pẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìsí iná. Ooru tó kọjá 60°C kò wúlò fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó kéré jù, tó ń fa gbígbẹ di ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe àánú. Èyí tó dára jù ni kí a di èso ní yìnyín, kí a sì fa omi rẹ̀ jáde nínú òfìfo láì jẹ́ kó yọ́. Owó rẹ̀ àti iná mànàmáná rẹ̀ kì í ṣe ti àgbàlá wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ àgbáyun lókè òkun kí wọ́n tó ṣe é ní hóró, torí purotéènì inú rẹ̀ tó ń sọ kíkan di dídùn kì í farada iná.

Wàyí o, kí ló dé tí osè kò fi ṣe bí apricot? Ìyẹ̀fun rẹ̀ gbígbẹ ní fítámì C tó tó mílígíráàmù 150 dé 500 nínú 100 gíráàmù, nígbà tí ọsàn tútù ní bíi 53. Ọ̀bẹ kò kan osè nígbà tó ń gbẹ, nítorí náà yàrá inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tú, ẹ́ńsáìmù kò pàdé ohun tí ì bá jẹ. Èèpo rẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀, ó sì dín afẹ́fẹ́ kù. Ẹran rẹ̀ kan gan-an, fítámì C sì ń pẹ́ nínú ohun kíkan ju inú ohun tí kò kan lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí títà rẹ̀ bí oúnjẹ tuntun ní 2008, láti ìgbà náà ni ó ti wà nínú ìgò olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí a má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà 100 gíráàmù tàn wá níbí pẹ̀lú: kò sí ẹni tó ń jẹ 100 gíráàmù ìyẹ̀fun. Ṣíbí ńlá kan, bíi 10 gíráàmù, á fún ni ní mílígíráàmù 15 sí 50. Èyí kì í ṣe kékeré fún àgbàlagbà tí ìwọ̀n òòjọ́ rẹ̀ kò ju 45 sí 90 lọ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọ́ èèpo, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, aago rẹ̀ ti ń lọ. Ọ̀rinrin ọwọ́ àti ti afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi sínú kókó, kí ó sọ kókó kalẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó ro ó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi rẹ̀, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù bí àwọn ará Senegal ṣe ń ṣe bouye wọn. Nípa awin, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní agolo pẹ̀lú èèpo dúdú rẹ̀ lórí ni kí a rà. Èyí tí wọ́n ti bó sínú ọ̀rá ń yá ẹnu, mo mọ̀, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà èékánná. Mo ṣì máa ń kọjá lára rẹ̀ lọ bá ìyá tó ń ta eléèpo.